Orúkọ Kò Ro Ẹranko: Ìtàn Dáínósọ̀ Ẹlẹ́nu Pẹ́pẹ́yẹ



Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní orúkọ ọmọ a máa ro ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ló so òwe méjèèjì pọ̀: ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ mọ ilé tí ọmọ náà ti wá. Ó mọ baba, ó mọ ìyá, ó mọ ipò tí ẹbí wà lọ́jọ́ tí a bí ọmọ, ó sì mọ̀ bóyá orí ni ọmọ fi wá sáyé tàbí ẹsẹ̀.

Kí ni kí a wá ti ṣe nípa ẹ̀dá tó ti kú láti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 75 sẹ́yìn? Kò sí ẹni tó mọ baba rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Egungun rẹ̀ tó ti di òkúta nìkan ni a rí ní etí odò, nígbà mìíràn orí láìsí ara, nígbà mìíràn ara láìsí orí, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, eyín lásán. Ilé wo ni a óò wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, nípa ìtàn àwọn dáínósọ̀ kan tí wọ́n ní ẹnu bí ti pẹ́pẹ́yẹ àti ogbe lórí. Mo fẹ́ fi hàn pé orúkọ kò ro àwọn ẹranko wọ̀nyí rárá. Kí ni orúkọ fẹ́ rò lára ẹni tó ti kú kí ọmọ ènìyàn tó dé ilé ayé? Àwọn onímọ̀ tó sọ wọ́n lórúkọ gan-an ni orúkọ náà ń ro, ó sì darí wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún síbi tí egungun kò darí wọn sí.

TA NI ẸLẸ́NU PẸ́PẸ́YẸ?

Kí ìtàn náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń wí. Richard Owen, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá orúkọ Dinosauria sílẹ̀ ní ọdún 1842 fún agbo àwọn ẹranko ńláńlá ayé àtijọ́. Nínú agbo náà ni ìdílé kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hadrosauridae. Àwọn wọ̀nyí ni ayé mọ̀ sí ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ, nítorí pé iwájú ẹnu wọn fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ní eyín kankan. Ewéko ni wọ́n ń jẹ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn tóbi ju ti iwájú lọ. Wọ́n lè fi méjì rìn, wọ́n sì lè fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Ìrù wọn gùn, ó sì le. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a óò sọ̀rọ̀ nípa wọn gùn tó bíi mítà 8 láti imú dé ìdí ìrù.

Bí ẹnu wọn ti jọ ti pẹ́pẹ́yẹ níwájú, kò jọ ọ́ rárá lẹ́yìn. Ní ẹ̀yìn àgbọ̀n ni eyín tò sí, wọ́n fún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, òmíràn wà lábẹ́ òmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹranko kan ṣoṣo lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún eyín lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èyí tó wà lókè bá ti jẹ tán, èyí tó wà nísàlẹ̀ á dìde gba ipò rẹ̀. Ojú eyín wọ̀nyí ló ń lọ ewé líle bí ọlọ ti ń lọ ata. Pẹ́pẹ́yẹ wo ló ní ọlọ lẹ́nu?

Ìdílé yìí pín sí ojúlé méjì. Àwọn ará ojúlé kìíní, bí wọ́n bá tilẹ̀ ní ogbe egungun lórí, ogbe náà kò ṣófo. Ojúlé kejì ni Lambeosaurinae. Ogbe ti àwọn wọ̀nyí ní ihò nínú, ọ̀nà imú wọn ló sì gba inú rẹ̀ kọjá. Egungun tó di ogbe yìí kì í ṣe egungun àjèjì. Egungun iwájú àgbọ̀n òkè àti egungun imú ni. Bí ẹranko náà ti ń dàgbà ni wọ́n ń gòkè, tí wọ́n ń kọjá sí òkè ojú, títí wọn yóò fi dé àtàrí. Èémí tó bá wọ ihò imú kò ní lọ tààrà sí ọ̀fun. Yóò kọ́kọ́ gun òkè lọ sínú ogbe, yóò yípo níbẹ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun.

Ogbe yìí ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ti Corythosaurus rí róbótó bí ìdajì àwo tí a dá dúró sórí. Ìdí nìyí tí Barnum Brown, tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1914, fi pè é ní alángbá oníakoro. Ti Lambeosaurus rí bí orí àáké tó tẹ̀ síwájú, pẹ̀lú ọ̀pá egungun kan tó na sẹ́yìn. Ti Parasaurolophus gùn lọ sẹ́yìn bí fèrè, ó ju orí fúnra rẹ̀ lọ ní gígùn nígbà mìíràn.

ORÚKỌ TÍ A FI EYÍN SỌ

Nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, orúkọ ẹranko kọ̀ọ̀kan ní apá méjì. Apá kìíní ni orúkọ ìran, èyí tí ó lè bá àwọn tó sún mọ́ ọn jù lọ pín. Apá kejì ni orúkọ ẹ̀yà, tó ń yà á sọ́tọ̀ nínú ìran náà. Ẹni tó bá sọ orúkọ titun gbọ́dọ̀ tọ́ka sí egungun kan pàtó tí a fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Egungun yẹn ló ni orúkọ náà. Bí a bá wá rí i lẹ́yìn ọ̀la pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni a ti sọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ tó kọ́kọ́ jáde ló ń borí, èkejì á sì di ìtàn. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n òfin kò lè gba ẹni tó sọ orúkọ kí ẹ̀rí tó pé.

Ní ọdún 1856, Joseph Leidy ti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà gba eyín díẹ̀ tí wọ́n ṣà ní agbègbè odò Judith, ní Montana. Eyín náà nìkan ló fi sọ ẹ̀dá kan ní Trachodon. Nígbà tí ìmọ̀ pọ̀ sí i, a rí i pé eyín ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ àti eyín dáínósọ̀ oníwo ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀. Orúkọ kan, olóhun méjì! Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí egungun ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ tí a kò lè rọ̀ mọ́ Trachodon. Ó di àgbọ̀n tí a ń da gbogbo ohun tí a kò mọ̀ sí.

Leidy fúnra rẹ̀ rí ohun tó dára ju eyín lọ. Ní 1858 ó sọ egungun ẹranko kan láti Haddonfield, ní New Jersey, ní Hadrosaurus foulkii. Egungun ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn wà nínú rẹ̀, débi pé a lè fojú inú wo bí ẹranko náà ti dúró. Láti ara orúkọ yìí ni gbogbo ìdílé náà ti gba orúkọ tó ń jẹ́.

Àwọn ológbe gan-an, etí odò Red Deer ní Alberta, ní ilẹ̀ Kánádà, ni ìtàn wọn ti gbóná. Lawrence Lambe, tí í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba Kánádà nínú àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti àpáta, ṣa egungun ní agbègbè náà. Ní 1902 ó mú díẹ̀ lára egungun tí kò ní agbárí, ó sì sọ ẹ̀yà titun kan ní Trachodon marginatus. Nígbà tó yá, àwọn agbárí tó ní ogbe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní àyíká kan náà. Lambe gbà pé àwọn ni orí fún ara tí òun ti sọ lórúkọ tẹ́lẹ̀. Ní 1914 ó yí orúkọ ìran náà padà sí Stephanosaurus, alángbá aládé.

Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó lè fi hàn pé ara 1902 àti orí tí a rí lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yà kan náà. Adé wà, ṣùgbọ́n ara tí a kò mọ orí rẹ̀ ni a so orúkọ náà mọ́. Lambe kú ní ọdún 1919. Ní 1923, William Parks ti Yunifásítì Toronto ya agbárí ológbe náà sọ́tọ̀, ó sì fi orúkọ olóògbé náà sọ ọ́: Lambeosaurus lambei. Lẹ́ẹ̀mejì ni orúkọ Lambe wọ inú orúkọ ẹranko tí òun fúnra rẹ̀ kò sọ lórúkọ bó ti yẹ. Ọlá ni Parks bù fún un, àtúnṣe sì ni pẹ̀lú.

PẸ́PẸ́YẸ WỌ ODÒ

Títí dé ibí yìí, àṣìṣe orúkọ kò pa ẹnikẹ́ni lára ju àwọn tó ń to egungun sínú àpótí lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ìnagijẹ náà, ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbo ni pẹ́pẹ́yẹ ń gbé? Létí omi. Kí ló ń jẹ? Ohun rírọ̀ inú ẹrẹ̀. Bí a bá ti gbà pé ẹranko kan jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, ọkàn wa á ti sọ ọ́ sínú odò kí ojú wa tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní 1908, Charles Sternberg àti àwọn ọmọ rẹ̀ hú òkú ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ kan jáde ní Wyoming, tí àpá awọ ara rẹ̀ ṣì hàn káàkiri. Henry Fairfield Osborn kọ nípa rẹ̀ ní 1912. Awọ kan wà tó bo ìka ọwọ́ ẹranko náà pọ̀. Àwọn onímọ̀ wò ó, wọ́n ní: ẹ ò rí i, ọwọ́ tí a fi ń lúwẹ̀ẹ́ nìyí, bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ! Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé awọ tó rọ̀ wọ̀ǹtìwọnti bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí, tó sì gbẹ nígbà tí ẹranko náà kú, ló tàn wọ́n jẹ. Ọwọ́ tí a fi ń tẹlẹ̀ ni, kì í ṣe àjẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn kò pẹ́ yọjú. Ní 1922, Richard Kräusel ti ilẹ̀ Jámánì ròyìn ohun tó rí nínú ikùn irú ẹranko bẹ́ẹ̀: ewé àti ẹ̀ka igi tó dà bí páìnì, àti èso. Oúnjẹ orí ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ sì rántí ọlọ tó wà lẹ́nu wọn; ta ni í fi ọlọ lọ ewé odò tó ti rọ̀ fúnra rẹ̀? Ṣùgbọ́n orúkọ lágbára ju ikùn lọ. Ó di 1964, ọdún 42 lẹ́yìn ìròyìn náà, kí John Ostrom tó kó gbogbo ẹ̀rí jọ, tó sì fi yé ayé pé orí ilẹ̀ ni àwọn ẹranko wọ̀nyí ti ń jẹun, nínú igbó àti pápá.

Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ogbe ṣe. Nítorí pé ẹranko náà ti di ará odò, ogbe gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú odò. Ní àwọn ọdún 1930 àti 1940, àwọn kan ní pápù tí ó ń gbé sókè omi láti fi mí ni. Àwọn mìíràn ní ìkòkò afẹ́fẹ́ ni, tí ó ń tọ́jú èémí sí nígbà tó bá rì sísàlẹ̀. Àwọn kan tún ní ohun tó ń dínà omi ni, kí ó má baà wọ ọ̀fun. Ẹ yẹ orí ogbe náà wò dáadáa: kò sí ihò kankan lókè rẹ̀. Pápù tí a dí ẹnu rẹ̀ kò ṣe é fi mí. Afẹ́fẹ́ tí inú ogbe sì lè gbà kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ̀dọ̀fóró ẹranko tó gùn tó mítà 8 ń fẹ́. Egungun ń sọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ni kò jẹ́ kí a gbọ́.

KÀKÀKÍ ORÍ

Ẹnì kan gbọ́. Carl Wiman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Uppsala ní ilẹ̀ Sweden, gba agbárí Parasaurolophus kan tí Charles Sternberg hú ní New Mexico ní 1921. Wiman kò bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Inú ogbe ló kọ́kọ́ wò. Ó rí ihò gbọọrọ tó lọ sẹ́yìn tó sì padà wá síwájú, gẹ́gẹ́ bí ohun èlò orin tí a fi ẹnu fọn. Nígbà tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1931, Parasaurolophus tubicen ló pè é. Ní èdè Látìn, tubicen ni ẹni tó ń fọn fèrè ogun. Àwa ìbá pè é ní afunkàkàkí.

Èrò Wiman dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1975, James Hopson ṣàlàyé pé ohun tí ogbe wà fún ni ìfarahàn àti ìró: kí ẹranko lè dá irú tirẹ̀ mọ̀, kí akọ lè fi yangàn, kí wọ́n sì lè pe ara wọn. Ní 1981, David Weishampel ṣírò bí èémí yóò ti dún nínú ogbe Parasaurolophus. Ó rí i pé ohùn àgbà yóò nípọn, yóò sì rìn jìnnà, nígbà tí ti ọmọ yóò tín-ín-rín. Ní 1995 a rí agbárí kan tí ogbe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ní New Mexico. Àwọn òṣìṣẹ́ Sandia National Laboratories àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìpínlẹ̀ náà fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nígbà tí ó sì di 1997, kọ̀ǹpútà gbé ìró kan jáde, ìró nípọnnípọn tí í ṣe àfojúsùn ohùn ẹranko náà.

Ní 2009 ni David Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo ibi tí ọpọlọ àti etí wà nínú agbárí àwọn ológbe bíi Corythosaurus àti Lambeosaurus. Apá ọpọlọ tó wà fún gbígbọ́ òórùn kò tóbi, nítorí náà kò dà bí ẹni pé nítorí òórùn ni imú ṣe gun òkè tó bẹ́ẹ̀. Etí inú ní tirẹ̀ dára fún gbígbọ́ ohùn tó nípọn. Ẹni tó ń fọn kàkàkí ní ẹni tó ń gbọ́ ọ. Nínú gbogbo orúkọ tí a ti dárúkọ, tubicen nìkan ni mo lè sọ pé a wo ilé kí a tó sọ ọ́, nítorí pé inú ilé gan-an ni Wiman wò.

ỌMỌ MÉLÒÓ NI A SỌ LÓRÚKỌ BÍ ÀGBÀ?

Ìṣòro tó tóbi jù lọ ṣì wà níwájú. Láàrin 1914 àti 1935, orúkọ titun ń jáde lórí àwọn ológbe Alberta lemọ́lemọ́. Corythosaurus kan ní ogbe gíga, òmíràn ní ogbe kúkúrú, òmíràn ní ogbe tó tẹ̀: orúkọ ẹ̀yà fún kóówá wọn. Àwọn kékeré tún wà, tí orí wọn jẹ́ kìkì òkìtì díẹ̀ níbi tó yẹ kí ogbe wà. Ọ̀kan nínú wọn ni Lambe sọ ní Cheneosaurus ní 1917, láti ara orúkọ ẹyẹ gúùsì tí í ṣe ẹ̀gbọ́n pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn kékeré mìíràn ni a pè ní Procheneosaurus, èyí tó ń tọ́ka sí ẹni tó ṣáájú Cheneosaurus. Ní 1931, Parks tún sọ irú wọn ní Tetragonosaurus. Wọ́n gbà pé ìran kúkúrú kan ni, tí ogbe kò tíì hù lórí rẹ̀ láyé.

Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín wọn. Agbárí tó wà nílẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì fọ́n ká: díẹ̀ ní Toronto, díẹ̀ ní Ottawa, díẹ̀ ní New York. Àwọn kan kò tilẹ̀ gúnlẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1916, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Jámánì kan rì ọkọ̀ òkun Mount Temple sínú òkun Àtìláńtíìkì. Egungun ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ láti Alberta wà nínú ẹrù rẹ̀, tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó rí agbárí kan tàbí méjì péré, kò sí bó ṣe lè mọ̀ bóyá ọmọ ni tàbí àgbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó wà lágbàlá wa ṣàlàyé. Bí àlejò kan tí kò rí adìẹ rí láyé rẹ̀ bá wọlé, tí a kó orí mẹ́ta fún un láìsí ara, orí òròmọdìẹ, orí àgbébọ̀ àti orí àkùkọ, kí ni yóò wí? Ọ̀kan kò ní ogbe rárá, ọ̀kan ní ogbe kékeré, ti ọ̀kan pupa gàgàrà. Orúkọ mẹ́ta ni yóò sọ wọ́n, kò sì ní sọ ọ́ láìní ìdí. Ohun tó ṣe aláìní ni ilé tí yóò wò.

Peter Dodson ni ó wá ilé náà lọ. Ó wọn àwọn ọ̀nì Amẹ́ríkà àti alángbá láti kékeré dé àgbà, kí ó lè mọ bí orí ti ń yí padà bí ara ti ń dàgbà. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ lé agbárí àwọn ológbe Alberta. Ohun tó tẹ̀ jáde ní 1975 mi gbogbo ilé: ìran 3 àti ẹ̀yà 12 tí a ti sọ lórúkọ, ìran 2 àti ẹ̀yà 3 péré ni wọ́n. Procheneosaurus kì í ṣe ìran kankan. Ọmọ Corythosaurus àti ọmọ Lambeosaurus ni, tí ogbe wọn kò tíì hù. Ọ̀pọ̀ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn àgbà, ìyàtọ̀ ọjọ́ orí tàbí ti akọ àti abo ni. Ní ti Cheneosaurus, òun náà di ọmọ: ọmọ Hypacrosaurus, ológbe mìíràn tí Barnum Brown ti sọ lórúkọ ní 1913.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni ọmọ fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nínú ìwé, tí a sì ń pè é ní àjèjì.

ILÉ TÍ A WÒ

Ẹ̀rí tó tẹ̀ lé e kò nílò ìṣirò púpọ̀. Ní 1987 a rí ẹyin ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ ní Devil's Coulee, ní Alberta, pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀. John Horner àti Philip Currie sọ ẹ̀yà náà ní Hypacrosaurus stebingeri ní 1994. Nínú iṣẹ́ wọn, ọmọ inú ẹyin, ọmọ tuntun, àti àgbà tó ní ogbe wà pa pọ̀. Èyí gan-an ni à ń pè ní wíwo ilé.

Ní 2009, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama kan láti California rí egungun ọmọ Parasaurolophus ní ìpínlẹ̀ Utah. Nígbà tí a tẹ iṣẹ́ lórí rẹ̀ jáde ní 2013, a rí i pé ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan nígbà tó kú, síbẹ̀ òkìtì ogbe ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Orí rẹ̀ kò tíì tó ìdá mẹ́rin orí àgbà. Ní ti Corythosaurus, orí gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìdajì ti àgbà kí ogbe tó hù. Ó hàn gbangba pé ìran kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, àti pé ogbe tó gùn jù lọ ló ń tètè bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé dída orúkọ pọ̀ ló máa ń tọ̀nà ní gbogbo ìgbà. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè mọ ìyọnu yìí dáadáa: ẹni tó ń yà á ju bó ti yẹ lọ àti ẹni tó ń dà á pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ọmọ ìyá ni wọ́n. Corythosaurus intermedius wà lára àwọn orúkọ tí Dodson dà pọ̀ mọ́ casuarius. Nígbà tí Michael Ryan àti David Evans yẹ ìpele ilẹ̀ tí a ti hú agbárí kọ̀ọ̀kan wò, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, ó hàn pé kì í ṣe ìgbà kan náà ni gbogbo wọn gbé ayé. Corythosaurus wà nísàlẹ̀, Lambeosaurus wà lókè. Láàrin Corythosaurus fúnra rẹ̀ pàápàá, intermedius wà lókè casuarius. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ kan ṣe dá orúkọ intermedius padà. Kí a tó pe ẹni méjì ní ọkọ àti aya, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá wọ́n bá ara wọn láyé.

ÀJÈJÌ NÍ ILẸ̀ ÁFÍRÍKÀ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò mọ ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ kankan mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Omi òkun yí ilẹ̀ wa ká nígbà ayé wọn, kò sì sí afárá. Àfi ìgbà tí a rí egungun àgbọ̀n kékeré kan nínú ibi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífétì ní ilẹ̀ Mòrókò. Nicholas Longrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ lórí rẹ̀ jáde ní 2021. Ará ojúlé Lambeosaurinae ni, láti sáà tó kẹ́yìn ayé dáínósọ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Wọ́n sọ ọ́ ní Ajnabia odysseus. Ní èdè Lárúbáwá, ajnabi ni àjèjì. Odysseus sì ni arìnrìn-àjò orí òkun inú ìtàn àwọn Gíríìkì. Àwọn babańlá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti la omi kọjá láti Yúróòpù. Ẹ ò rí ayé! Àwọn tí a fi tipátipá sọ sínú odò nítorí orúkọ, tí a sì fi ẹ̀rí yọ jáde, ni wọ́n wá la òkun kọjá nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n màlúù náà mọ omi í wẹ̀, a kò sì pè é ní ẹja.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 2024, ìbátan rẹ̀ jáde láti inú fọ́sífétì Mòrókò kan náà. Minqaria bata ni wọ́n sọ òun. Èdè Lárúbáwá ni èyí pẹ̀lú: minqar ni àgógó ẹnu ẹyẹ, bata ni pẹ́pẹ́yẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í gbọ́ fún bàtá onílù! Iṣẹ́ náà fi hàn pé ó kéré tán, ẹ̀yà mẹ́ta ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ ló gbé agbègbè náà. Ìdílé tó ti di mẹ́ta nílé kan kì í ṣe àlejò mọ́, onílé ni. Orúkọ tí a sọ ní Àjèjì ní 2021 kò bá olórúkọ mu mọ́ ní 2024. Òfin kò sì ní jẹ́ kí a pa á dà.

N kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn, bí a bá mọ ohun tí orúkọ jẹ́. Orúkọ ọmọ ènìyàn jẹ́ àdúrà àti ìtàn ilé. Orúkọ ẹranko ayé àtijọ́ jẹ́ àmì ibi tí ìmọ̀ wa dé lọ́jọ́ tí a sọ ọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kà á bí àmì yóò máa rìn lọ. Ẹni tó bá kà á bí òtítọ́ yóò jókòó tì í fún ọdún 42, ewé páìnì á sì wà nínú ikùn níwájú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè Yorùbá, tí a sì fẹ́ fi èdè wa sọ àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí lórúkọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí a kàn túmọ̀ orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn fi ìkánjú sọ. Ẹ jẹ́ kí a wo egungun, eyín, ìpele ilẹ̀, ọmọ àti àgbà. Ilé là ń wò.